Àpótí Ìjókòó Ni Ẹ̀yìn Òṣìṣẹ́ Ọjà Ń Bèèrè, Kì í Ṣe Bàtà Olówó Gọbọi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tó gbé odó mì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìtumọ̀ òwe yìí, kí ó rìn la Ọjà Ọba kọjá ní Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Yóò rí alápatà tí ó ti dúró ti pátákó ẹran láti àárọ̀, tí ó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú kí ó tó lè nàró. Yóò rí ọmọbìnrin tí ń bá ọ̀gá rẹ̀ ta aṣọ, tí ó fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, tí ó bọ́ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú bàtà kí ó lè sinmi díẹ̀. Yóò rí ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá ní ojú ọ̀nà Ọba Adésidà, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, tí ó ń gbé ti òsì sókè, bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó ṣe wọ́n, ìdáhùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀yìn ni.

Ìrora yìí ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi gbà pé ara òwò ni, bí òjò ṣe jẹ́ ara ọdún. Níbi tí àìsàn bá sì ti di àṣà, àwọn tí yóò fi í jẹun kì í pẹ́ dé. Òǹtajà kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń polówó bàtà tí ó ní ó ń wo ẹ̀yìn sàn. Òmíràn kó bẹ́líìtì ìbàdí dání. Òmíràn gbé ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lérí. Gbogbo wọn ń tajà fún ẹni tí kò rí ààyè jókòó. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ń béèrè ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí mẹ́wàá tàbí méjìlá lórí sìmẹ́ǹtì, nígbà tí iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ní kí ó máà jókòó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàtà ní ipa tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé bàtà ni olórí ìṣòro àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dúró ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Olórí ìṣòro ni ìdúró tí a fi dandan mú òṣìṣẹ́ ṣe láìsí ìsinmi, láìsí ìjókòó. Kò sì dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn ló dá a sílẹ̀, ènìyàn ló sì lè mú un kúrò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìdúró ń ṣe sí ara. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ a máa fún, a sì máa tú, èyí ni ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí ó bá dúró sójú kan, ẹ̀jẹ̀ a máa rọ̀gún sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí ó wọ̀ dáadáa ní àárọ̀ fi ń fún ẹsẹ̀ pinpin ní alẹ́. Ní ti ẹ̀yìn, iṣan tí ó di ọ̀pá ẹ̀yìn mú kò ní ìsinmi kankan, nítorí òun ni kò jẹ́ kí ènìyàn ṣubú síwájú. Bí iṣan bá ń fún láìtú, a máa rẹ̀ ẹ́, a sì máa dùn ún. Àwọn ìrọ̀rí kéékèèké tí Ọlọ́run fi sí àárín eegun ẹ̀yìn náà ń gbé ẹrù ara láìsinmi. Bí ó bá tún wá jẹ́ pé tábìlì ìtajà kéré jù, tí òṣìṣẹ́ ní láti máa tẹ̀ba kí ó tó lè gé ẹran tàbí kí ó tó lè ká aṣọ, ìyà náà di ìlọ́po méjì.

Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro, orúkọ tí a fi ń pè é kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwọn kan a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn tí onítọ̀hún ń jẹ ló fà á. Àwọn mìíràn a ní làkúrègbé ni. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a ó gbọ́ pé ayé ló ta á lọ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ó ń ṣe ọ̀gá iṣẹ́ lóore. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà ló fà á, òṣìṣẹ́ ló jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ni, ará ilé òṣìṣẹ́ ni. Kò sí èyí tí ó tọ́ka sí ilẹ̀ líle àti wákàtí gígùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń jìyà náà ni ó tún ń sanwó àgbo, tí ó ń sanwó àdúrà, tí ó sì ń padà sí ìdí ìdúró náà ní ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe Àkúrẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn tí ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń bá fínra ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 619, wọ́n sì fojú bù ú pé yóò tó mílíọ̀nù 843 ní ọdún 2050. Àìsàn yìí ni ó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ jù lọ láyé. Àjọ náà tún ṣàlàyé pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ni kò ní àrùn kan pàtó nídìí, tí ó túmọ̀ sí pé a kò lè tọ́ka sí eegun kan tó ṣẹ́ tàbí kókó kan tó wú pé òun ló fà á. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lo ara rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, oorun rẹ̀ àti ìdààmú ọkàn rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lọ́wọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òmùgọ̀ ni ẹni tí ó bá rò pé ohun kan ṣoṣo tí a rà lọ́jà yóò tán an.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé bàtà náà yẹ̀ wò. Ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti ń ta bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ní ó ń mú ẹ̀yìn dúró ṣánṣán. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Àwọn onímọ̀ ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù mú ènìyàn 115 tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fún àwọn kan ní bàtà yìí, wọ́n fún àwọn yòókù ní bàtà pẹlẹbẹ lásán, wọ́n sì tọpinpin wọn fún ọdún kan. Ọdún 2013 ni èsì rẹ̀ jáde. Bàtà olówó gọbọi náà kò ṣe ju bàtà pẹlẹbẹ lọ. Èyí tí ó tilẹ̀ yẹ kí ó ya onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ni pé àwọn tí ìdúró tàbí ìrìn ń dá kún ìrora wọn, bàtà pẹlẹbẹ ló ṣe wọ́n lóore jù. Àwọn wọ̀nyí sì ni wọ́n jọ òṣìṣẹ́ Ọjà Ọba jù lọ.

Ti tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà náà kò yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n kó gbogbo ìwádìí nípa rẹ̀ jọ ní ọdún 2007 rí i pé kò dènà ẹ̀yìn ríro. Ó lè tu ẹsẹ̀ lára, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n kí a má pe ìtura ẹsẹ̀ ní ìwòsàn ẹ̀yìn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé irú bàtà tí ó bá wu ènìyàn ni kí ó máa wọ̀. Sílípáàsì rọ́bà tí ó ti fẹ́lẹ́ bí abala ìwé kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn dúró lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ìka ẹsẹ̀ yóò sì máa fún un mọ́ra kí ó má baà yọ. Bàtà òkirikà ti jẹ sí ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni í. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti jẹ lápá kan, yóò máa ti ẹsẹ̀ oníbàtà tuntun sí apá yẹn ni. Bàtà gogoro tí àwọn ilé ìtajà kan ń fi dandan mú àwọn ọmọbìnrin wọ̀ nítorí ẹwà ń gbé gbogbo ara síwájú, ẹ̀yìn ni ó sì ń fà á padà. Bàtà tí ó dára fún ìdúró kò nílò ìpolówó: kí ó jẹ́ pẹlẹbẹ tàbí kí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ péré, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, kí ó di gìgísẹ̀ mú, kí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba ìka márààrún. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọ̀ ọ́ wò kí a tó rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú. Bí alásọbàtà Àkúrẹ́ bá lè fi ìsàlẹ̀ tuntun sí ògbólógbòó bàtà, ó ti ṣe ohun tí ó tó.

Bẹ́líìtì ìbàdí ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ìrora ẹ̀yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nínú rẹ̀, wọ́n sọ pé kí a má fi bẹ́líìtì ìbàdí ṣe ìtọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n sọ bákan náà nípa àwọn oògùn apara-ìrora tí ó ní agbára ìdibàjẹ́, irú èyí tí tramadol jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni eré ìdárayá tí onímọ̀ là sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí aláìsàn mọ bí yóò ṣe tọ́jú ara rẹ̀, ìtọ́jú ọwọ́ bí ìwọ́ra, àti oògùn ìrora wẹ́rẹwẹ̀rẹ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó wá ń lo oògùn ìrora lójoojúmọ́ kí ó lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ń fi ẹ̀yìn yá ikùn àti kíndìnrín lówó. Ọgbẹ́ inú àti àìsàn kíndìnrín ni yóò wá gba gbèsè náà.

Ó kan àwọn ọ̀gá ọjà wàyí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí ó jẹ́ pé òfin ni pé ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó. Wọn a ní ẹni tí ó bá jókòó yóò sùn. Wọn a ní oníbàárà kì í bọ̀wọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òǹtajà rẹ̀ ti jókòó bí ẹni tí ó wà nílé àna. Wọn a ní àwọn náà dúró nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọn kò sì kú. Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, oorun kì í ti inú àga wá. Àárẹ̀ ni í mú ènìyàn sùn, ìdúró sì ń fa àárẹ̀ ju ìjókòó lọ. Èkejì, oníbàárà tí ó wá ra yàrọ̀ aṣọ kò wá wo ìdúró ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀yàyà àti òótọ́ ni ó ń fà á padà wá. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ tí ó jókòó sórí àga alágbèéyípo, ta ni ó sọ pé kò bọ̀wọ̀ fún oníbàárà? Ẹ̀kẹta, pé àwọn àgbà jìyà kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyà dára. Àwọn àgbà náà ni wọ́n wà nílé lónìí tí wọn kò lè dìde lórí ẹní láìsí ẹni tí yóò fà wọ́n lọ́wọ́.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí àtakò wọn jinlẹ̀ ju èyí lọ. Wọ́n ní àwọn tí ń jókòó ní ọ́fíìsì náà ń sunkún ẹ̀yìn, pé aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí ń jókòó sórí àpótí kékeré náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìjókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sàn ju ìdúró láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ara ènìyàn kò fẹ́ ipò kan ṣoṣo. Nítorí náà, ohun tí òṣìṣẹ́ ń bèèrè kì í ṣe kí ó jókòó títí. Ẹ̀tọ́ láti yí ipò padà ni: kí ó jókòó nígbà tí kò bá sí oníbàárà, kí ó dìde nígbà tí ó bá dé, kí ó rìn díẹ̀, kí ó rí ohun gbé ẹsẹ̀ kan lé. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni pé kí ẹlòmíràn gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ní ọdún 1899, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó bá gba obìnrin síṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ìjókòó, ó kéré tán ẹyọ kan fún obìnrin mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà ni wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ wa lákòókò kan náà. Àpótí náà wà fún ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù, ìdúró wà fún tiwa. Ní ọdún 1964, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ìmọ́tótó ní ilé ìtajà àti ọ́fíìsì, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n pèsè ìjókòó tí ó tó fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì fún un ní àǹfààní láti lò ó. Ẹ kíyè sí gbólóhùn kejì náà. Àga tí a gbé sí kọ̀rọ̀ tí a kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó lé, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Bí ẹnì kan bá ní ti òyìnbó nìyẹn, kí ó wo Íńdíà. Ní ìpínlẹ̀ Kerala, àwọn obìnrin tí ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ni wọ́n kó ara wọn jọ. Wọ́n máa ń dúró láti àárọ̀ di alẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri pàápàá. Wọ́n pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún òfin ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó sì sọ ìjókòó di ẹ̀tọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu tẹ̀lé e ní ọdún 2021. Oòrùn tí ó ń pa Àkúrẹ́ ló ń pa Kerala. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé wọ́n kọ̀ láti gbà pé ara òwò ni ìyà.

Ní Nàìjíríà, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ọdún 1987 wà fún ibi tí a ti ń ṣe nǹkan jáde, kì í ṣe fún ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ọjà. Òfin owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò ìjọba àpapọ̀, kí ẹni tí iṣẹ́ bá sọ di aláìsàn lè rí nǹkan gbà. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ní Ọjà Ọba ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ òfin yìí rí? Ti ẹni tí ó ń dá òwò tirẹ̀ ṣe tilẹ̀ tún burú jù, nítorí kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò pè lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dúró de Àbújá. Gbogbo ará Àkúrẹ́ ló mọ̀ pé bí Dejì bá pàṣẹ pé kí ọjà tì ní ọjọ́ ọdún Aeregbe, ọjà ń tì. Èyí fi hàn pé ọjà kì í ṣe igbó tí kò ní olórí. Ààfin tí ó lè ti ọjà fún ọjọ́ kan, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ tí ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, àti àwọn ìyálọ́jà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bí wọ́n bá fi ohùn ṣọ̀kan pé kò gbọdọ̀ sí ìsọ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìjókòó, ta ni yóò ṣòwò ní Ọjà Ọba tí yóò lòdì sí i? Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà kò yẹ kó jẹ́ ti ilẹ̀ nìkan. Ó yẹ kó ní ẹ̀yìn àwọn tí ó dúró lórí ilẹ̀ náà nínú.

Àwọn tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ kò jìnnà. Fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìṣẹ̀dá ohun èlò sì wà níbẹ̀. Kí ni ó ṣòro nínú kí wọ́n ṣe àpótí gíga kan tí káfíńtà àdúgbò lè kàn, tí ènìyàn lè fi ìdí lé láìjókòó tán, tí yóò gba àárín ìsọ̀ tóóró? Fásitì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 wà ní Oǹdó. Ọjọ́ kan péré láàárín oṣù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá wá kọ́ ọlọ́jà ní eré ìdárayá ẹ̀yìn lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn, èrè yóò bá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láti ọdún 2022 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, kí ìtọ́jú eegun àti iṣan wà nínú ohun tí ó ń san, kì í ṣe ibà nìkan.

Kí òṣìṣẹ́ náà má sì ká ọwọ́ gbera. Kí ó máa gbé ẹsẹ̀ kan lé bíríkì tàbí páálí tó le, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó tẹ́ ohun tí ó rọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tí ó ń dúró lé. Kí ó gbé tábìlì rẹ̀ ga tó ìgúnpá. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ẹsẹ̀ sì ń kú tàbí tí kò ní agbára mọ́, tí ojú ara kò mọ̀ ọ́n lára, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìrora bá bá ibà, òógùn òru tàbí rírù dé, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa jẹ eegun ẹ̀yìn. Kò sí bàtà, kò sí àgbo tí ó ń wo ìyẹn.

Ẹ̀yìn tí ń ro ní Ọjà Ọba ni ẹ̀yìn tí ó pọn ọmọ tí ó di dókítà, tí ó sì gbé ẹrù tí a fi san owó ilé-ìwé agbẹjọ́rò. Kò bèèrè ọkọ̀, kò bèèrè ilé. Pátákó mẹ́rin àti ìṣó díẹ̀ ni àpótí ìjókòó kan. Ọ̀gá tí ó bá ní òun kò lè pèsè rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé àga tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí òun náà dúró títí di alẹ́, kí ó tó tún ẹnu sọ̀rọ̀.